Kí Ọdún Ìyá Aláró Tó Pé

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kìíní, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ Kérésìmesì ni mo ti ń bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí fóònù. Mo rí àmì pé wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo rí àmì pé o kà wọ́n, o kò fèsì. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ọmọ ìyá aránṣọ ìsàlẹ̀ wa ń padà sí Leeds lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù kékeré kan. Bí kò bá wù ọ́ láti kà á lójú ẹsẹ̀, fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n má ya á. Kà á tán lọ́jọ́ kan.

Òun náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Kò fẹ́ sọ ọ́, èmi ni mo dúró tì í títí ó fi sọ. Ó ní òun pàdé rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì bi ọ́ bóyá o ń bọ̀ wálé fún ìrántí ọdún kan ikú Ìyá, o ní, "Mi ò nílé mọ́ l'Ábẹ́òkúta." Ó ní o kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé lo ṣe sọ ọ́. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ká ní o fi ìbínú sọ ọ́ ni, mi ò bá ti sùn, torí ìbínú a máa rọ̀.

Ṣé òótọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́? Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gun òkè lọ tún páànù tó ń jò ṣe. Àbúrò rẹ ti padà sílé ìwé. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ, torí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ti lé ní 600. A kì í tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ àfi tí àlejò bá dé. Ajá Ìyá Ìbejì bí mẹ́fà. Àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé ti ń pọ́n, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkò.

Má rò pé torí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí Ìyá lóṣooṣù dúró lóṣù tí wọ́n lọ, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, bó tilẹ̀ ń pẹ́. À ń jẹ, à ń mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ń ráhùn owó, irọ́ ni.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ni yóò pé ọdún kan, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ní Kàtídírà Aké ni a ó ti ṣe ìdúpẹ́, lẹ́yìn náà a ó jẹun nílé. Kò sí àǹkò, kò sí ẹgbẹ́ olórin. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Ìyá sí ojú ewé kan fún ìwé ìsìn. Ojú ewé kan ṣoṣo, fún ẹni tó lo nǹkan bí ọdún 93! Mo jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ "A bí ìyá wa ní Ìtòkú ní nǹkan bí ọdún 1930," mo bá dúró. Mo wo bébà náà títí wọ́n fi mú iná lọ. Ohun tó dá mi dúró ni pé ìwọ lo mọ ìtàn Ìyá jù mí lọ, èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn.

Bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ ìbí wọn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí Ìyá máa ń sọ ni pé àwọn ti lè gbé akèrègbè omi sórí nígbà tí aṣọ Júbílì jáde. Ọdún 1935 ni ìyẹn, tí Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ọba òyìnbó pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, tí àwọn aládìrẹ ya ọba àti olorì rẹ̀ sára aṣọ. Ìyá tó bí Ìyá ní ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìwọ àti Ìyá lẹ jọ máa ń tú u wò nínú àpótí. Èmi mọ̀ pé aṣọ náà wà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kàn án títí di oṣù Kẹta ọdún tó kọjá tí a ń pín ẹrù.

Tún wo ọ̀rọ̀ owó orí. Ohun tí Ìyá sọ fún mi kò ju pé àwọn bá ìyá àwọn lọ sí ààfin Aláké lọ́dún 1947, àwọn àti ọ̀pọ̀ obìnrin tó tẹ̀lé Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, pé àwọn sùn sórí ẹní níta ààfin, pé orin tí àwọn kọ níbẹ̀ kò ṣeé kọ níwájú ọmọdé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Kì í ṣe pé a kórìíra ọba. Owó ni a ò ní." Ìjọba yọ owó orí náà kúrò lọ́rùn obìnrin, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀, wọn kò padà títí di ìparí ọdún 1950. Èyí wà nínú ìwé, ọmọ ilé ìwé mi gan-an mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15, pé àwọn agbowó orí a máa tú ọmọ tí kò gbà pé òun tó bẹ́ẹ̀ sí ìhòòhò láti wo àyà rẹ̀, pé wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n Ìyá lójú ọ̀nà odò, Ìyá sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi lórí, wọn ò lè sọ ọ́ kalẹ̀, wọn ò lè sá. Inú mọ́tò la wà lọ́jọ́ tí o sọ ọ́, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fásitì. O sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti mọ̀. Mo mi orí bí ẹni pé mo mọ̀.

Ìyá kò sọ ìyẹn fún mi rí láyé.

Mo fẹ́ bá ọ wí díẹ̀ báyìí, kí o fara balẹ̀ gbọ́. Mi ò nílé mọ́, mi ò nílé mọ́. Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwọ́ rẹ wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí mo sọ yẹn. Ìyá fúnra wọn ló wa ilẹ̀ náà, bàbá rẹ sì di àtùpà mú torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́dún 2022, àfi ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo gbé sí igun kan. Ilé tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ sí, ọmọ náà kò lè fẹnu lásán sọ pé kò sí mọ́. Bí o bá ń bínú sí ẹnì kan nínú ilé, bínú sí ẹni náà. Má bínú sí ilé.

Ọmọ ìyá aránṣọ tún ní ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí o ń tọ́jú kú lóṣù Kọkànlá, pé o sunkún débi tí wọ́n fi ní kí o lọ sinmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, inú bí mi. Mo ní, òyìnbó tí kò mọ ìdílé rẹ! Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó ní yàrá Ìyá, ó wá yé mi pé Ìyá lo ń sun. Ibi tí o ti ráyè lo ti sun wọ́n. Ìsìnkú wọn, orí fóònù lo ti wò ó, fóònù náà sì ń já ní gbogbo ìgbà. Mo gbọ́ tí o ń ké "Ẹ gbé e sókè, mi ò rí nǹkan kan," mo sì gbé e sókè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nítorí náà sunkún bó ṣe wù ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ arúgbó mẹ́wàá di Ìyá, ẹ̀yìn rẹ ò lè gbé wọn. Ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa. Rọra gbé wọn, jẹ́ kí omi ìwẹ̀ wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, pe orúkọ wọn kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n, torí bí Ìyá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí agogo bá ti lù, máa lọ sílé lọ jẹun. Má máa gba iṣẹ́ alẹ́ lé iṣẹ́ alẹ́. Kí lo tilẹ̀ ń jẹ? Mo mọ̀ ọ́, búrẹ́dì àti tíì ni. Wọ́n ní láfún wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, rà á. Mo ti di ewédú gbígbẹ sínú ẹrù.

Mo ń rántí ohun kan láti àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí mo gbé ọ fún Ìyá. Ayétòrò ni wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ mi lọ, owó oṣù kì í dé déédéé, bàbá rẹ wà l'Ékòó. Mo ní oṣù mẹ́fà. Ó di ọdún mẹ́fà. Mo máa ń wá lópin oṣù pẹ̀lú bisikíìtì, o máa ń gbà á, o máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, o sì máa ń sá padà sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn ìkòkò. Lọ́jọ́ tí mo wá mú ọ lọ pátápátá, bí mo ṣe yọ sí yín nìyí: Ìyá wà lórí àpótí, apá wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ìwọ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò. O mọ bí aṣọ ṣe máa ń rí nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde nínú aró èlú, tó máa ń dà bí ewé tútù, tí ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé aró náà kò mú. Mo na ọwọ́ kí n bá yín gbé e. O ní, "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ rí i." Mo fa ọwọ́ mi padà. A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti etí, ó ń rìn bọ̀ sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. O yọ̀. Ìyá náà yọ̀, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn.

Àǹtí lo pè mí. Mọ́mì ni o ń pe Ìyá.

Mi ò dá ọ lẹ́bi rí nítorí ìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ báyìí kí o má baà rò pé mo dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, mi ò sì wá nǹkan kan ṣe sí dídùn rẹ̀. Mo kàn gbé e mọ́ra.

Èmi ni Ìyá bí, èmi ni mi ò kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá kò fẹ́ kí n kọ́ ọ. Nígbà tí aṣọ kàmpálà dé, tí gbogbo ọjà ń fẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin márùn-ún, Ìyá tí wọn ò fẹ́ràn aró inú agolo rárá lọ kọ́ ọ, wọ́n ń fi sódà sí i, sódà sì ń jẹ wọ́n lọ́wọ́ títí awọ fi ń ṣí. Owó yẹn ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Wọ́n ní, "Tìrẹ á jẹ́ bírò." Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí tán, wọ́n padà sí èlú wọn. Mo ka ìyẹn sí pé wọ́n lé mi kúrò nídìí ìkòkò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi, ní ọdún 61, pé ọwọ́ mi ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ó dára. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún sá fún un.

Ìparí oṣù Kìíní ọdún tó kọjá ni àìsàn náà dé. O mọ bí ìlú ṣe rí nígbà náà: wọ́n ti pààrọ̀ owó, wọ́n ń kó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ nílẹ̀, tuntun kò sì sí. Owó tí o fi ránṣẹ́ wọ báǹkì lọ́jọ́ Ajé, a kò rí i gbà. Ilé ìwòsàn ní owó lọ́wọ́ ni àwọn fẹ́, torí èyí tí a bá fi fóònù ránṣẹ́ kì í dé. Àwọn oní-POS ń gba 2,000 lórí 10,000, àwọn mìíràn ń gba 3,000. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń lọ tò síwájú báǹkì pẹ̀lú àpótí ìjókòó Ìyá, èyí kékeré tí wọ́n máa ń fi jókòó ti ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rí 20,000 gbà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni mo ń sọ èyí fún, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, o pè. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. O ní o fẹ́ rí Ìyá kí o tó wọ iṣẹ́. Mo ní, "Wọ́n ń sùn."

Ìyá kò sùn, Àbẹ̀kẹ́. Ìrọ̀rí méjì wà lẹ́yìn wọn, ojú wọn là kedere, wọ́n ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Etí wọn kò sì kú rí, o mọ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe ń sùn nìyí?" Mo ní, "Màmá, ibi iṣẹ́ ló ń lọ, ẹ jẹ́ ká má dà á láàmú." Wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó ti ra bàtà tó nípọn?" Mo ní o ti rà á. Mi ò mọ̀ bóyá o ti rà á. Lọ́jọ́ Ẹtì o pè lẹ́ẹ̀mejì, mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti dá pé owó àtijọ́ kò ní ná mọ́. Ìdájí ọjọ́ kejì, Sátidé, ni Ìyá lọ. Ọjọ́ mẹ́rin tún kọjá kí n tó sọ fún ọ.

Àbúrò rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun ló sọ fún ọ lọ́jọ́ Kérésìmesì pé Ìyá kò sùn. Nítorí náà mo mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mú bírò, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ látòkè ìwé yìí dé ibi. Má bínú sí àbúrò rẹ. Ó dára bó ṣe sọ ọ́.

Ohun tí mo sọ fún bàbá rẹ àti fún àlùfáà ni pé ìwé ìgbélùú rẹ so mọ́ iṣẹ́ yẹn, pé bí o bá rí ojú Ìyá, wàá ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wá sílé. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí Ìyá ti dùbúlẹ̀, orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè. Èmi ni mo ń gbé wọn dìde, èmi ni mo ń nù wọ́n, èmi ni mo ń fi ṣíbí fún wọn lógì, tí wọ́n bá sì ti lajú, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́?" Mo ti di arúgbó fúnra mi, mo sì ń jowú ọmọ tí mo bí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ìyá mi. Mo rò pé bí ohùn rẹ kò bá wọlé fún ọjọ́ méjì, wọ́n á pe Àsàbí.

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí Àsàbí bu omi wá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìwọ àti Ìyá tí mi ò lè dá padà. Bí o bá sọ pé èmi ni o kò fẹ́ rí, mo gbọ́. Bí o bá fẹ́ pariwo mọ́ mi, pè mí kí o pariwo, mi ò ní já fóònù. Ṣùgbọ́n má sọ pé o kò nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé. Mo máa ń jí lóru, mo máa ń rò pé bóyá ọ̀nà báyìí ni ọmọ ṣe ń lọ, láìbínú, bí ẹni tí iyọ̀ tán nílé rẹ̀. Èmi náà ti lọ bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ Ìyá, ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń wá lópin oṣù pẹ̀lú bisikíìtì. Mo mọ bí ó ṣe rọrùn tó.

Mi ò ní kí o wá fún ọdún náà. Mo mọ̀ pé ìsinmi rẹ kò tíì tó, ọkọ̀ òfuurufú sì wọ́n. Wá nígbà tí o bá lè wá. Ṣùgbọ́n bá mi kọ ìtàn Ìyá. Kọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ tí wọn ò sọ fún mi, ojú ewé kan, ojú ewé mẹ́wàá, màá kà á níwájú àwọn ènìyàn bí o ṣe kọ ọ́. Àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún ọ ní àràárọ̀, tó ní agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí Ìyá fi orúkọ rẹ sí nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Ẹrù tó wà pẹ̀lú ìwé yìí: ewédú, ògìrì tí mo wé ní ìpele mẹ́ta kó má baà rùn, àti aṣọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Inú àpótí Ìyá ni mo ti rí i, aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n fi ìko so kókó kókó jákèjádò. Oṣù tó ṣáájú àìsàn ni wọ́n so ó. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọn ò ráyè rẹ ẹ́. Lóṣù Kẹwàá mo ní èmi ni màá rẹ ẹ́. Mo gun èlú, mo ṣù ú, mo sá a. Mo jó eérú, mo gbé ajere lé ìkòkò, omi eérú ń kán tó, tó. Ìkòkò àkọ́kọ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń rùn, kò mú nǹkan kan. Ìyá Ìbejì ní bí ó bá jẹ́ ayé àtijọ́ ni, wọ́n á ní kí n lọ bẹ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró. Èkejì, ní ọjọ́ keje, mo fi ìka kàn án, mo fi í sáhọ́n bí Ìyá ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí mo ń wá lórí ahọ́n mi. Mo ṣáà rì í. Ìgbà mẹ́jọ ni mo rì í, mo ń gbé e jáde, mo ń dúró kí atẹ́gùn rí i. Aró ṣì wà ní èékánná mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ṣùgbọ́n mi ò tú u. Ó wà bí Ìyá ṣe so ó. Ìwọ ni kí o tú u. Má lo ọ̀bẹ, abẹ ìfárí ni kí o fi gé ìko, kí o rọra gbé e sókè kúrò lára aṣọ kí o tó gé e. Fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, òun nìkan, má pò ó mọ́ aṣọ mìíràn. Omi àkọ́kọ́ máa dúdú, má fòyà. Sá a síbi tí òòrùn kò ti ní kàn án.

Tí o bá tú u tán, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ ohun tí Ìyá so sínú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsàbí.

Ìbéèrè wọn ni mo tún ń jẹ́ fún ọ o: ṣé o ti ra bàtà tó nípọn?